Yìnyín Ẹ̀yìn Kọ́tìnì

Ní Ìlódè, ọkùnrin kan wà tí oòrùn kò gbọ́dọ̀ rí fín. Adéagbo lorúkọ rẹ̀, Adéagbo Atutù-má-gbọ̀n, Ọba Fèrèsé-Pípadé, ẹni tí ilé rẹ̀ tutù tí ẹnu rẹ̀ kò tutù. Látìgbà tó ti ra ẹ̀rọ amúlétutù sí pálọ̀ ló ti kan gbogbo fèrèsé pa. Ó ní atẹ́gùn ìta, ti àwọn tálákà ni.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ẹ̀rọ náà kò mú ilé tutù mọ́. Bí Hakeem tó ń bá wọn tún un ṣe bá ti rọ gáàsì sí i, kì í pẹ́ tí gáàsì fi ń bá ẹsẹ̀ rẹ̀ sọ̀rọ̀.

“Bàbá Tẹniọlá, éésì kì í jẹ gáàsì bí ẹní jẹ iyán,” ni Fọláyọ̀, ìyàwó Adéagbo, wí. “Hakeem ní bó bá ti ń dín kù, ó ń jò níbì kan ni. Ẹ jẹ́ kó wá ojú ibẹ̀, kó jó o pa, kó tó rọ òmíràn.”

“Jíjò kẹ̀? Nínú ilé tèmi? Páànù àwọn ará ẹ̀yìn ọ̀hún ló ń jò!”

Ahun kò ní í sọ pé owó lòun ń ṣọ́.

Bẹ́ẹ̀ ìpàdé ń bọ̀. Ẹgbẹ́ àwọn onílé àdúgbò fẹ́ yan alága tuntun, Adéagbo sì ti ṣèlérí fún wọn: “Ẹ yàn mí, kí ẹ bọ́ lọ́wọ́ ìjókòó abẹ́ igi máńgòrò. Inú òtútù la ó ti máa ṣèpàdé. Ẹ wá tọ́ ọ wò lọ́jọ́ ìdìbò!” Ìlérí yìí nìkan ló ní. Bí pálọ̀ bá gbóná, oyè lọ nìyẹn. Síbẹ̀ ó tún kọ ọ́ ránṣẹ́ lórí Wáàsáàpù: “Kí olúkúlùkù mú súwẹ́tà dání.”

Ṣé ó wá ránṣẹ́ pe Hakeem? Ká má rí i! Ọ̀dọ̀ obìnrin tó ń ta ẹja òkú Èkó ló gbà lọ. Ó ru yìnyín wálé, ó kó o sínú bàsíà ràgàjì, ó tì í sẹ́yìn kọ́tìnì lábẹ́ ẹ̀rọ, ó sì gbé fáànù kékeré kọjú sí i.

“Yìnyín á yọ́ o,” ni Fọláyọ̀ wí.

“Ìpàdé ò ní í pẹ́.”

Ìpàdé àwọn onílé, tí kò ní í pẹ́! Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ẹ̀dá.

Wọ́n dé lọ́sàn-án gangan. Bàbá Awóníyì, àgbà gbogbo wọn, wọ súwẹ́tà sórí bùbá, ó dé fìlà abetí. Atẹ́gùn tútù sì fẹ́ sí wọn lára lóòótọ́. Adéagbo wà nínú kóòtù, ó ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú.

“Òtútù yìí mà pọ̀ o, Alága,” ni Bàbá Awóníyì wí.

Orí Adéagbo wú. Wọ́n ti ń pè é ní Alága kí wọ́n tó dìbò!

Àfi bí wọ́n ṣe kan ọ̀rọ̀ gọ́tà. Ta ló ń da ìdọ̀tí sí i? Ẹnì kan dárúkọ ẹnì kan, onítọ̀hún fò dìde, ariwo ta.

“Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ jẹ́ ká tètè dìbò!” ni Adéagbo ń bẹ̀. Ta ní ń gbọ́? Irọ́ a máa lọ fún ogún ọdún kí òtítọ́ tó bá a. Ti Adéagbo kò tíì jókòó dáadáa tí ooru fi bá a. Pálọ̀ tí wọ́n kan fèrèsé rẹ̀ pa bẹ̀rẹ̀ sí í hó. Bàbá Awóníyì bọ́ fìlà, ó bọ́ súwẹ́tà.

Alhaja Fàòsíyà, tí òun náà ń du ipò alága, fín imú. “Ẹ dákun, kí ló ń rùn?”

“Lọ́fíńdà inú gáàsì tuntun ni,” ni Adéagbo fèsì. “Ti Òyìnbó.”

“Lọ́fíńdà tó ń rùn bí ẹja?”

Kó tó dáhùn, omi yọ lábẹ́ kọ́tìnì, ó ṣàn dé ẹsẹ̀ Bàbá Awóníyì. Alhaja na ọwọ́, ó fa kọ́tìnì. Bàsíà rèé, fáànù rèé, orí ẹja kan tó bá yìnyín wá sì léfòó sójú omi, ó la ẹnu sílẹ̀.

Bàbá Awóníyì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ojú ẹja náà.

“Adéagbo,” ni Bàbá Awóníyì wí, “ṣé èyí náà wá dìbò ni?”

Ẹ̀rín bú! Wọ́n rẹ́rìn-ín jáde dé abẹ́ igi máńgòrò, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti na ọwọ́ sókè fún Alhaja Fàòsíyà. Adéagbo tẹ̀lé wọn jáde, òógùn ti rin kóòtù gbingbin, ìtìjú bò ó dé àtàǹpàkò.

“Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká fi í sílẹ̀ lásán,” ni Alága tuntun wí. “Ó kúkú mọ yìnyín í gbé. Òun ni kó máa gbé omi tútù wá fún wa ní gbogbo ìpàdé.”

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Fọláyọ̀ fi ìborùn bojú. Adéagbo nu òógùn, ó wúkọ́ díẹ̀, ó gbé àyà sókè.

“Mo gbà,” ni ó wí. “Ṣùgbọ́n kí ni ẹ ó máa pe oyè náà?”