Igi Káńfọ̀ Adébọ̀dé

Bí ẹ bá dé Bàrígà tí ẹ kò kí Adébọ̀dé, yóò kí ara rẹ̀. Adébọ̀dé, ọba láàárín onílé. Adébọ̀dé tó kọ́ fẹ́ǹsì sórí gọ́tà, tí omi òjò wá sọ yàrá aládùúgbò di odò.

Nígbà tí ìjọba fi ọ̀dà pupa sàmì sí fẹ́ǹsì náà pé wíwó ni, oorun dá lójú rẹ̀. Gbogbo iyì rẹ̀ ló wà lára fẹ́ǹsì yẹn. Ó ní àgbà kì í wà ládùúgbò kí fẹ́ǹsì rẹ̀ wó. Ó wo igi máńgòrò tó wà lẹ́yìn fẹ́ǹsì náà, ọgbọ́n kan sì sọ sí i lọ́kàn: ìjọba kì í fọwọ́ kan igi tó bá ṣọ̀wọ́n.

Ó lọ bá Samson atẹ̀wé ní Ṣómólú, ó ní kó tẹ pátákó kan fún òun: IGI KÁŃFỌ̀ LÁTI ṢÁÍNÀ. ẸNI TÓ BÁ FỌWỌ́ KAN FẸ́ǸSÌ RẸ̀, Ẹ̀WỌ̀N. Samson bi í bóyá ó dá a lójú. Adébọ̀dé ní atẹ̀wé kì í bá ìwé jiyàn. Ó wá ra káńfọ̀ tí wọ́n ń kó sáàárín aṣọ, ó so ó mọ́ gbogbo ẹ̀ka máńgòrò náà kí òórùn rẹ̀ lè bá pátákó mu, àdúgbò sì ń rùn bí àpótí ìyá àgbà.

Lọ́jọ́ tí katapílà dé, Kausarat, òṣìṣẹ́ ìjọba tó kọ́ ẹ̀kọ́ nípa igi, ka pátákó náà. Ó ṣàlàyé pé ọmọ ìyá píà ni káńfọ̀, pé ewé rẹ̀ kì í wọ́ tán lẹ́ẹ̀kan, òjìji rẹ̀ tutù, èèyàn á sì gbóòórùn ewé náà bó bá fọwọ́ ra á. Adébọ̀dé ń mi orí bíi pé òun ló kọ́ ọ.

"Ẹ kú iṣẹ́, Dádì," Kausarat ní. "Irú igi yìí ṣọ̀wọ́n. Ìjọba á fi ibí yìí ṣe ọgbà. Fẹ́ǹsì á lọ, ilé yín náà á tẹ̀ lé e."

Òógùn bò ó. Ó rọra sọ̀rọ̀: "Ọmọ mi, máńgòrò ni."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Dádì, kí n lè kọ ọ́ sílẹ̀."

Ó sọ ọ́ sókè. Kausarat ní ẹnu lásán kò tó, pátákó ti sọ tiẹ̀. Ni Adébọ̀dé bá gbé àkàsọ̀ ti fẹ́ǹsì, ó gun igi tòun tagbádá, ó já èso kan tí kò tíì ju àtàǹpàkò lọ, ó bù ú jẹ. Ojú rẹ̀ fún pọ̀, èso náà kan gan-an.

Níní aládùúgbò, tí omi ti ba bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ jẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́dún yìí, ní, "Ẹ jẹ ìkejì, sà, kó lè dá wa lójú."

Ó jẹ ìkejì. Kausarat kọ ọ́ sílẹ̀ pé máńgòrò ni, ilé kò ní wó mọ́. Ó ní fẹ́ǹsì ní tiẹ̀, orí gọ́tà ló ṣì wà. Ó juwọ́ sí awakọ̀ katapílà.

Orí igi ni Adébọ̀dé wà tí fẹ́ǹsì fi wó lulẹ̀ tòun ti àkàsọ̀. Àwọn ará àdúgbò ń wo omi tó ń ṣàn lọ nínú gọ́tà, inú wọn ń dùn, kò sì sẹ́ni tó gbọ́ ọ nígbà tó ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sọ òun kalẹ̀.