Bọ́ọ̀lù Èènì

Inú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ni Tíṣà wà, ara rẹ̀ ò balẹ̀. Àwọn àgbà tó máa pinnu bóyá yóò di olùkọ́ àgbà ti wà lọ́nà. Ó fẹ́ fi bọ́ọ̀lù irin kan tó rọ̀ nídìí ọ̀pá hàn wọ́n: á tì í, á sì sọ ibi tó máa fì dé kó tó débẹ̀. Àbúrò rẹ̀ tó ń ṣe wẹ́dà ló bá a ṣe é. Òun náà ló ń gbé e wọlé yìí.

WẸ́DÀ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ wò ó. Ṣé ó wù yín?

TÍṢÀ: Ọ̀pá kan, bọ́ọ̀lù kan ni mo ní kí o ṣe. Kí ni ọ̀pá àti bọ́ọ̀lù kejì ń wá lábẹ́ rẹ̀?

WẸ́DÀ: Èènì ni. Ṣé kí n ṣe ti ẹ̀gbọ́n mi bíi ti oníbàárà lásán ni?

TÍṢÀ: O kúkú ti pa mí. Tì í ká wò ó.

(Wẹ́dà tì í. Bọ́ọ̀lù òkè gba ọ̀tún lọ. Ti ìsàlẹ̀ takìtì, ó yí po, ó wá sáré padà bí ẹni gbàgbé nǹkan sílé.)

WẸ́DÀ: Ó mà mọ̀ ọ́n jó o.

TÍṢÀ: Wàhálà ibẹ̀ gan-an nìyẹn. Bí oríkèé tí ọ̀pá ti ń fì bá jẹ́ ẹyọ kan, ohun kan tí kì í yí padà ti tó mi, mo sì ní in: àpapọ̀ agbára tó wà lára rẹ̀. Ìyẹn ni mo fi ń mọ ibi tó ń lọ.

WẸ́DÀ: Tó bá wá jẹ́ méjì?

TÍṢÀ: Ohun méjì tí kì í yí padà ni mo nílò. Ẹyọ kan náà la sì ní.

WẸ́DÀ: Ìkejì dà?

TÍṢÀ: Kò sí.

WẸ́DÀ: Ṣé ẹ wá a dáadáa ṣá? Níjọ́sí tí ẹ ń wá awò yín, orí imú yín ló wà.

TÍṢÀ: Àwọn tó gbọ́n jù mí lọ ti wá a tì.

WẸ́DÀ: Ẹ kúkú fojú bù ú.

TÍṢÀ: Bí mo bá ṣì í bíńtín níbẹ̀rẹ̀, kò ní pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ á fi di irọ́. Gé e kúrò.

WẸ́DÀ: Ohun tí mo bá jó pọ̀ kì í já, ẹ̀gbọ́n. Mi ò sì mú ayùn wá.

(Tíṣà jókòó gbì.)

TÍṢÀ: Ó ti pẹ́ tí mo ti ń retí ipò yìí. Ẹ̀rù ń bà mí.

WẸ́DÀ: Ẹ máà bínú. Ìfẹ́ tí mo ní sí yín ló fà á.

(Wọ́n kanlẹ̀kùn. Tíṣà dìde, ó tún aṣọ rẹ̀ ṣe.)

TÍṢÀ: Ó dáa. Mi ò ní sọ ibi tó ń lọ mọ́. Màá ní kí àwọn àgbà kọ́kọ́ sọ tiwọn. Tí wọ́n bá kùnà, màá ṣàlàyé ìdí tí ẹnikẹ́ni ò fi lè mọ̀ ọ́n. Ìwọ ṣáà ṣílẹ̀kùn, kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, kí o panu mọ́.

(Wẹ́dà ṣílẹ̀kùn, ó tẹríba dáadáa.)

WẸ́DÀ: Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àgbà. Ẹ má jẹ́ kójú tì yín rárá. Ẹ̀gbọ́n mi ti ní ẹ ò lè mọ̀ ọ́n.