Ìṣẹ́jú Méjì fún Màmá Dúró-Ná

Yàrá tí wọ́n ń kó àga tó ti ṣẹ́ sí lẹ́yìn gbọ̀ngàn káńsù ni akọ̀wé ìpàdé mú màmá aránṣọ wọ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó bọ́ aago ọwọ́ rẹ̀, ó sì gbé e sórí tábìlì. Lódìkejì ògiri, ìpàdé ìta gbangba ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n wà ní nọ́ńbà kẹta lórí ìwé ètò. Tó bá kan nọ́ńbà karùn-ún, wọ́n fẹ́ dá màmá yìí lọ́lá nítorí ọdún mọ́kànlá tó fi ń dúró síwájú ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ àti lọ́sàn-án, tó ń na ọwọ́ sí mọ́tò, tó ń kó ọmọ ọlọ́mọ sọdá títì. "Dúró ná" tó máa ń ké mọ́ àwọn awakọ̀ ni àwọn ọmọ fi sọ ọ́ lórúkọ.

Ọlá kò ba akọ̀wé yìí lẹ́rù. Ẹnu ẹni tí wọ́n bá dá lọ́lá ló ń bà á lẹ́rù. Níbi ìpàdé tó kọjá, nọ́ọ̀sì kan gba ìwé ìmọrírì tán, ó di gbohùngbohùn mú, ó sì sọ̀rọ̀ omi ẹ̀rọ fún ogójì ìṣẹ́jú gbáko. Alága ti wá kìlọ̀ fún akọ̀wé: bí ẹnikẹ́ni bá tún fi ìdúpẹ́ bojú tọrọ nǹkan, ọ́fíìsì tó ń bójú tó itẹ́ òkú ni akọ̀wé máa lọ jókòó sí, níbi tí àwọn ará àdúgbò kì í ti í yọ ẹnikẹ́ni lẹ́nu.

"Màmá, ẹ jókòó."

"Sórí èwo? Gbogbo wọn ló ní ẹsẹ̀ mẹ́ta."

"Tí ẹ bá dúró náà, kò burú."

"Iṣẹ́ mi kúkú nìyẹn."

"Ó dáa. Ìṣẹ́jú méjì ni ẹ ní. Alága á pè yín, ẹ ó gba ìwé, wọ́n á ya yín ní fọ́tò, ẹ ó ní ẹ dúpẹ́, ẹ ó lọ jókòó. Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé mi dáadáa. Ibo ni kí n ti wá sọ ọ̀rọ̀ bọ́ǹpù?"

Akọ̀wé di ojú, ó tún là á. Màmá ṣì wà níbẹ̀.

"Bọ́ǹpù wo, Màmá?"

"Gegele tí wọ́n ń mọ sójú títì kí awakọ̀ lè rántí pé mọ́tò òun ní bíréèkì. Èyí tí mo kọ lẹ́tà sí yín lé lórí."

"Lẹ́tà yín wà nínú fáìlì."

"Ó ti tó ọdún mélòó tó ti wà níbẹ̀?"

"Ọdún mẹ́rin, ó lé díẹ̀."

"Ó ti tó wọ ilé-ìwé nìyẹn. Gbé e wá, kí n mú un sọdá."

Ẹ̀rín fẹ́ bọ́ lẹ́nu akọ̀wé, ó gbé e mì. Ẹni tí wọ́n ń fi itẹ́ òkú halẹ̀ mọ́ kì í rẹ́rìn-ín bó ṣe wù ú.

"Màmá, ọ̀rọ̀ ọlá la bá wá síbí. Ọ̀wọ̀ ni káńsù fẹ́ fún yín."

"Ọ̀wọ̀ dára, ọmọ mi. Ọwọ́ ni mo ń wá. Méjì péré ni èyí tí mo ní, mọ́tò sì ń bọ̀ láti ọ̀nà mẹ́ta."

"Ẹnìkan kì í tọrọ nǹkan nígbà ìdánilọ́lá. Òfin ìpàdé ni. Ẹni tó bá fẹ́ tọrọ nǹkan, lẹ́tà ló máa kọ."

"Mo kọ lẹ́tà."

"Àwa náà sì gbà á, Màmá. A tiẹ̀ lu òǹtẹ̀ mọ́ ọn."

Màmá wo ọwọ́ ara rẹ̀, ó sì na ọ̀tún síwájú akọ̀wé kó lè rí i bó ṣe ń gbọ̀n.

"Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun tó kọjá, ọmọ kan já ọwọ́ rẹ̀ gbà lọ́wọ́ mi. Ó rí bàbá rẹ̀ lódìkejì, inú rẹ̀ dùn, ó sáré. Mọ́tò kan ń bọ̀, òun náà ń sáré, n ò mọ ẹni tó ń lé e. Bàtà ọmọ náà ló tẹ̀. Bàtà nìkan. Látọjọ́ náà, n ò lè fi òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́. Aṣọ oníbàárà wà nílẹ̀, mò ń wò ó. Ẹ̀rù ń bà mí, akọ̀wé. Mo ti dàgbà, ẹsẹ̀ mi ò yá tó ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí n ò bá lè dìde ńkọ́? Gegele kì í ṣàìsàn."

Àánú màmá ṣe akọ̀wé, ó sì jẹ́ kó hàn lójú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára, òun gan-an ló kúkú fi ọwọ́ ara rẹ̀ ti lẹ́tà yẹn bọ fáìlì.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máà bínú. Èmi kọ́ ni mo ń fọwọ́ sí bọ́ǹpù. Wọ́n rán mi níṣẹ́ lásán ni."

"Bí wọ́n bá rán ni níṣẹ́ ẹrú, à á fi tọmọ jẹ́ ẹ."

"Ẹ jẹ́ ká dán ìdúpẹ́ wò ná." Akọ̀wé ṣa ẹsẹ̀ àga kan nílẹ̀, ó nà án sí i. "Ẹ ṣe bí ẹni pé gbohùngbohùn nìyí. Ó yá."

Màmá gba ẹsẹ̀ àga, ó tún gèlè ṣe, ó wú ikọ́.

"Alága, ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú iṣẹ́ ìlú. Màmá yín ńkọ́? Ṣé orúnkún wọn ti fúyẹ́? Igbákejì alága, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìtìlẹ́yìn. Ẹ kú ọmọ tuntun, mo gbọ́ pé obìnrin ni. Olùtọ́jú owó, ẹ kú ìjókòó, ẹ kú ìṣọ́ra. Káńsílọ̀ wa, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, a ò rí yín látìgbà ìbò. Ẹ̀yin tí ẹ jókòó lápá ọ̀tún, ẹ kú ooru. Ẹ̀yin tí ẹ wà lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀yin kú atẹ́gùn."

"Ìṣẹ́jú méjì ti pé."

"N ò tíì dé ìlà kejì."

"Ẹ fi ìkíni sílẹ̀, Màmá."

"Kí n dìde láàárín àgbààgbà kí n má kí wọn? Ẹni tó bá gbọ́ á ní ilé wo ni wọ́n ti tọ́ mi dàgbà."

"Ẹ kí gbogbo wọn pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà."

"Ìkíni kì í ṣe ọkọ̀ èrò, ọmọ mi."

"Fún tòní nìkan, ẹ kó wọn pọ̀. Ẹ bọ́ sórí ìdúpẹ́ ní tààrà."

Màmá mí kanlẹ̀, ó tún gbé ẹsẹ̀ àga sẹ́nu.

"Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ káńsù. Mo dúpẹ́ gidigidi pé ẹ ò mọ bọ́ǹpù síwájú ilé-ìwé wa. Bó bá jẹ́ pé ẹ mọ ọ́n lọ́dún kìíní ni, kí ni n bá ṣe tí ẹ ó fi fún mi ní ìwé lónìí?"

Akọ̀wé já ẹsẹ̀ àga gbà.

"Màmá, ìtọrọ nìyẹn."

"Níbo? Ìdúpẹ́ ni láti òkè délẹ̀."

"Irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ ní eyín. Ẹ gbọ́, gbólóhùn kan péré: 'Mo dúpẹ́, ẹ ṣeun.' Ẹ ó lọ jókòó."

"Gbólóhùn kan fún ọdún mọ́kànlá?"

"Ọ̀rọ̀ tó bá kúrú ló máa ń dùn."

Màmá ronú díẹ̀. Ojú rẹ̀ rọ̀, ó dà bí ẹni tó ti gba kámú. Ká ní akọ̀wé ti bá aránṣọ gbé rí ni, ì bá mọ̀ pé aránṣọ kì í dákẹ́ lásán. Ó ń wọn nǹkan ni.

"Ó dáa. Àdúrà ńkọ́?"

"Àdúrà wo?"

"Ọmọdé fún àgbà ní nǹkan, àgbà gbà á, kò súre. Ṣé o ti rí irú ẹ̀ rí?"

Akọ̀wé ṣí ìwé òfin ìpàdé, ó yẹ ojú ìwé mẹ́ta wò. Wọ́n fòfin de ìtọrọ. Wọ́n fòfin de èébú. Wọ́n tiẹ̀ fòfin de jíjẹ ẹ̀pà nínú gbọ̀ngàn. Kò sí ẹni tó rántí fòfin de àdúrà.

"Àdúrà kò burú. Ọwọ́ káńsù kọ́ lẹ ó kúkú ti máa tọrọ nǹkan."

"Rárá o. Ọwọ́ Ọlọ́run ni."

"Kó má ju ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ lọ."

"Ṣé wọ́n á ṣe àmín?"

"Ta ni wọ́n máa gbàdúrà fún tí kò ní ṣe àmín?"

"Ìwọ náà ńkọ́?"

"Èmi gan-an ni màá pariwo rẹ̀ jù, Màmá." Ọkàn akọ̀wé ti balẹ̀. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi aṣọ ìnujú rẹ̀ nu eruku àga kúrò lọ́wọ́ màmá.

Agogo dún nínú gbọ̀ngàn, ó di nọ́ńbà karùn-ún.

Èrò kún títí dé ẹnu ọ̀nà. Alága àti káńsílọ̀ méje jókòó lórí pèpéle, akọ̀wé sì wà níbi tábìlì kékeré rẹ̀ nísàlẹ̀, bírò lọ́wọ́, aago níwájú. Màmá gba ìwé, wọ́n yà á ní fọ́tò, ó dúró nídìí gbohùngbohùn.

"Gbogbo yín pátá, ẹ kú ìjókòó. Mo dúpẹ́, ẹ ṣeun."

Akọ̀wé wo aago, kò tíì ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ lọ. Ó kù díẹ̀ kó dìde dì mọ́ màmá.

"Ẹ jẹ́ kí n súre fún yín."

Gbogbo gbọ̀ngàn tẹ orí ba.

"Ọlọ́run á fún yín ní àlàáfíà."

"Àmín."

"Ẹsẹ̀ yín ò ní kọ."

"Àmín."

"Ẹ ò ní ṣe àṣedànù."

"Àmín." Ó ti ń mọ́ wọn lẹ́nu. Akọ̀wé mú ìlérí rẹ̀ ṣẹ, tirẹ̀ ló ròkè jù.

"A ò ní fi ojú títì sunkún ọmọ."

"Àmín." Èyí gbọn fèrèsé. Àwọn ìyá nínú èrò gbé ọwọ́ sókè.

"Bọ́ǹpù tí káńsù ń bọ̀ wá mọ síwájú ilé-ìwé wa, kò ní fọ́."

"Àmín."

"Kí oṣù yìí tó parí tí ẹ ó mọ ọ́n tán, àìsàn ò ní wọlé ẹnikẹ́ni nínú yín."

"Àmín."

"Bí ẹ ṣe máa mọ méjì, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ayọ̀ yín á máa di méjì méjì."

"Àmín."

"Ẹni tó bá fọwọ́ sí i, ọwọ́ rẹ̀ ò ní gbọ̀n láéláé."

"Àmín, àmín."

"Akọ̀wé tó ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, yíǹkì rẹ̀ ò ní gbẹ."

"Àmín," ni akọ̀wé wí, òun nìkan, bírò rẹ̀ sì ti ń rìn lórí ìwé kó tó gbọ́ ohun tí òun ń kọ.

Màmá kúnlẹ̀, ó dìde, ó lọ jókòó. Èrò pàtẹ́wọ́. Lórí pèpéle, alága pàtẹ́wọ́ díẹ̀, ó dáwọ́ dúró, ó wo òkè àjà bí ẹni tó ń ka nǹkan sẹ́yìn, ó sì fi ìka pe akọ̀wé. Wọ́n sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́. Akọ̀wé sọ̀ kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ màmá.

"Màmá."

"Ọmọ mi. Ṣé n ò pẹ́ jù?"

"Ẹ ò tiẹ̀ lo ìṣẹ́jú méjì tán. Màmá, mo ní kí ẹ má tọrọ nǹkan."

"Kí ni mo tọrọ? Mo wúre fún yín, ẹ gbà á."

"Alága ní ṣé a lè yọ àdúrà karùn-ún, ìkẹfà àti ìkeje kúrò nínú àkọsílẹ̀."

"Ẹ yọ ọ́. Tí ẹ bá ti yọ àdúrà, ẹ yọ àmín rẹ̀ náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ gba àmín tirẹ̀ padà dìde, kí gbogbo ìlú rí i."

Akọ̀wé padà lọ jíṣẹ́, ó sì jẹ́ ẹ bí ọmọ. Alága dìde, ó béèrè bóyá ẹnìkan wà lórí pèpéle tí àdúrà màmá kò tẹ́ lọ́rùn. Gbogbo ojú lọ sára káńsílọ̀ kan tó sanra, tó ti ń tako ohun gbogbo láti ọdún mẹ́rin, tó tako àsìkò oúnjẹ ọ̀sán pàápàá. Káńsílọ̀ wo èrò. Ó rí ìyàwó rẹ̀ ní ìlà kejì pẹ̀lú ọmọ lẹ́sẹ̀, ìyàwó sì ń wò ó. Ó rọra jókòó lé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

Alága lu tábìlì. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀ pé gbogbo wọn fohùn ṣọ̀kan, ó sì padà sọ́dọ̀ màmá.

"Ó ti wọlé, Màmá. Bọ́ǹpù méjì. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀."

Omi bọ́ lójú Màmá, ó jẹ́ kó bọ́, kò nù ún.

"Ọlọ́run ṣeun. Kí ló dé tí ìwọ wá fa ojú ro?"

"Kò sí nǹkan."

"Wò mí lójú."

"Alága ní èmi ni mo fún yín láyè àdúrà. Ó ní kí n lọ máa palẹ̀ ẹrù mi mọ́, itẹ́ òkú ni láti ọ̀la."

"Nítorí tèmi?" Màmá ti dìde, ó kọjú sí gbohùngbohùn.

"Ẹ̀ ń lọ síbo, Màmá?"

"Àsìkò mi ò tíì tán. Mo fẹ́ súre kékeré kan fún ọ, níṣojú alága."

Lórí pèpéle, káńsílọ̀ méje rí màmá tó ń bọ̀, méje fi ọwọ́ bo ẹnu. Alága ju ọwọ́ sí akọ̀wé bí ẹni tí iná ń jó. Akọ̀wé sáré lọ, ó tẹ́tí, ó sáré bọ̀, ó gba iwájú màmá, ẹ̀rín sì ti gba ẹnu rẹ̀.

"Ẹ jókòó, Màmá, ẹ jókòó. Alága ní n ò lọ síbì kankan mọ́. Ó ní kí n bẹ̀ yín, kí ẹ lọ gba ìyókù àdúrà náà nílé, torí àmín tí wọ́n ṣe láàárọ̀ yìí ti jẹ owó ọdún tó ń bọ̀."