Ẹ̀fúùfù Fetí Kàwé

Àbúrò mi obìnrin lè sáré, ọ̀rọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ̀fúùfù là ń pè é. Àmọ́ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó gbéra, ẹnu rẹ̀ á ti dé ibi tí wọ́n ń lọ, á ti gba ife ẹ̀yẹ, á ti máa bọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wàhálà dé. Tíṣà onísáyẹ́ǹsì ní lọ́sàn-án ọjọ́ náà gan-an, Ẹ̀fúùfù gbọ́dọ̀ dúró níwájú kíláàsì kó ṣàlàyé bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń rìn nínú ara. Bí kò bá mọ̀ ọ́n, kò ní bá wọn sáré ìdíje ní Sátidé. Ìwé ọ̀hún sì rèé, àtìgbà tó ti wọ inú báàgì, kò tíì fojú kan oòrùn.

"Jókòó, kó o kà á," mo wí.

"Ẹ̀fúùfù? Jókòó kẹ̀?"

"Ẹni tó bá lé eku méjì..."

"Tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti yá, á pa méjèèjì! Àǹtí mi, ẹ ṣáà kà á sínú fóònù, kẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Bí mo ṣe ń sáré yí pápá ni màá máa gbọ́ ọ. Kí òógùn mi tó gbẹ, mo ti di dókítà!"

Télọ̀ ni mí, ọwọ́ mi kì í dilẹ̀. Mo gbé ìwé ti máṣíìnì, mò ń kà á sínú fóònù, mò ń rán. Ta ló tún wọlé bí kò ṣe Kóòṣì wọn, ẹni tó máa ń sọ fáwọn ọmọ pé eléré ìdárayá kì í níkùn! Ó ní kí n bá òun tú ìbàdí sòkòtò tóun fẹ́ wọ̀ ní Sátidé. Mo dá a lóhùn, mo wọn ìbàdí, mo padà sórí ìwé. Ta ló ráyè gé ọ̀rọ̀ kúrò nínú fóònù? Bó ṣe wà ni mo fi ránṣẹ́.

Lọ́sàn-án, mo gbé sòkòtò lọ fún Kóòṣì nílé ìwé. Mo bá a tó jókòó sẹ́yìn nínú kíláàsì Ẹ̀fúùfù, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ọmọ náà á lè sáré ní Sátidé; mo dúró níta, lójú fèrèsé. Ẹ̀fúùfù bọ́ síwájú, ó gbé àyà sókè.

"Ẹ pa ìwé yẹn dé, mà. Orí mi ló wà!"

Ẹnu rẹ̀ bá bẹ́ sí eré:

"Ọkàn ló ń ti ẹ̀jẹ̀ lọ káàkiri ara. Ẹ fa ikùn sínú, sà. Ẹ̀jẹ̀ á dé ẹ̀dọ̀fóró, á gba atẹ́gùn tuntun. Háà, Kóòṣì, ikùn yìí mà tún ti wú sí i! Tí mo bá tú eléyìí, kò tún sí aṣọ tí mo lè tú mọ́. Ẹ̀jẹ̀ á wá padà sínú ọkàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ gbọ́ o."

Kíláàsì dàrú! Kóòṣì yíjú sí fèrèsé kó lè ríbi fojú sí. Èmi àti sòkòtò ló rí.

Tíṣà nu omijé ẹ̀rín. "Ó dáa. Kí ló dé tí ọkàn fi máa ń yára lù tá a bá ń sáré?"

Ẹ̀fúùfù wòkè, ó wolẹ̀.

"Àǹtí mi ò kà á débẹ̀, mà."

Sátidé kọjá, àwọn yòókù sáré, òun pàtẹ́wọ́. Ní báyìí, ẹ̀gbẹ́ máṣíìnì mi ló ń jókòó sí lójoojúmọ́, tó ń fi ojú ara rẹ̀ kàwé. Kóòṣì ló ń sáré yí pápá láràárọ̀. Àná ló gbé sòkòtò yẹn padà wá: ó ní ó ti tóbi jù, kí n bá òun fún ìbàdí rẹ̀.