Ẹjọ́ Ọkọ̀ Pupa Oníjòókòó Méjì

Ẹjọ́ tó dé ààfin lánàá, ẹni tó bá gbọ́ ọ tí kò rẹ́rìn-ín, kó yáa lọ rí dókítà. Onígbàjámọ̀ kan ló pe ọ̀gá ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ lẹ́jọ́. Ó ti fá orí ara rẹ̀ kodoro kí ojú rẹ̀ lè le níwájú ọba, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ jókòó sẹ́yìn, ó ń wò ó.

"Kábíyèsí, wọ́n ti pa Ẹ̀fúùfù!"

Àwọn ìjòyè káwọ́ lérí. "Ọmọ ta ni?"

"Ọkọ̀ ni. Ọkọ̀ pupa, asáré, oníjòókòó méjì, tí orí rẹ̀ ń ṣí. Láti ọjọ́ ìgbéyàwó wa ni mo ti ṣèlérí pé n ó fi gbé ìyàwó mi yí ìlú ká. Tí inú bá bí i, Ẹ̀fúùfù ni mo fi ń bẹ̀ ẹ́. Ọkùnrin yìí wá ní àwọn ò ṣe é mọ́. Ṣé kí n di òpùrọ́ nínú ilé mi ni?"

Ọba kọjú sí ọ̀gá náà, tó wọ kóòtù tó ń dán gbinrin. "Kí ló dé tí o pa á?"

"Èmi kọ́, Kábíyèsí. Ìyìn ló pa á. Àwọn èèyàn á wọ ṣọ́ọ̀bù, wọ́n á fọwọ́ pa á lára, wọ́n á ya fọ́tò, wọ́n á ní, 'Áà, ọkọ̀ rèé!' Tó bá wá di ká rà, wọ́n á ní ká mú èyí tó lè gba ìyá àgbà àti àpò símẹ́ǹtì jáde."

"Irọ́ ni!" Bíríkìlà, ọ̀rẹ́ onígbàjámọ̀, fò dìde. "Tí mo bá rí Ẹ̀fúùfù, omi á bọ́ lójú mi."

"Èwo ni ìwọ ń wọ̀?" ni ọba bi í.

"Bọ́ọ̀sì ni, Kábíyèsí."

Tíṣà kan tún dìde jẹ́rìí. "Ẹ̀fúùfù nìkan ni ọkọ̀. Ìyókù, páànù lásán ni."

"O ra tìrẹ?"

"Ọmọ mẹ́fà ni mo bí, Kábíyèsí. Ṣé kí n so márùn-ún mọ́ òrùlé ni?"

"Òrùlé tó ń ṣí ọ̀hún?"

Tíṣà rọra jókòó.

Ó kan obìnrin tó ń tà á ní ṣọ́ọ̀bù. "Kábíyèsí, gbogbo Sátidé ni onígbàjámọ̀ yìí ń wá jókòó sínú rẹ̀. Á máa fọn fèrè títí a ó fi tilẹ̀kùn. Aṣọ ìjókòó ti gbó sí i lábẹ́! Nílùú yìí, ẹyọ kan ṣoṣo la rí tà."

"Ta ló rà á?" ni ìjòyè àgbà bi í.

Obìnrin náà dojú bolẹ̀. Ọba wúkọ́.

"Ẹ sọ fún wọn, Kábíyèsí," Olorì ní.

"Èmi ni. Ìwọlé rọrùn. Ìjáde ló..."

"Ẹ̀ṣọ́ mẹ́rin ló fà wọ́n jáde," Olorì parí ẹ̀. "Bàtà wọn kan ṣì wà níbẹ̀. Adìẹ ti yé sí i."

Ẹ̀rín gba ààfin kan. Onígbàjámọ̀ nìkan ni kò lè rín. Ó ń wo ẹnu ọba.

"Ọ̀gá," ọba ní, "o ò jẹ̀bi pé o pa ohun tí ẹnikẹ́ni ò rà. Ẹ̀bi rẹ ni pé o tà á fún mi láìwo ikùn mi. Onígbàjámọ̀, ọkọ̀ mi di tìrẹ. Gbé ìyàwó rẹ yí ìlú ká lónìí."

Ayọ̀ gbé onígbàjámọ̀ fò sókè. Kó tó balẹ̀, ìyàwó rẹ̀ bi í léèrè pé, "Baálé mi, ṣé ẹ mọ ọkọ̀ wà?"

Gbogbo ààfin yíjú sí onígbàjámọ̀.

"Fèrè rẹ̀ ni mo mọ̀," ó ní. Ojú tì í débi pé orí tó fá gan-an ń làágùn.

Ọba na ọ̀pá àṣẹ. "Ẹnu dùn-ún ròfọ́! Ẹ̀yin tí ẹ fi ẹnu ra ọkọ̀, ẹ ó fi ọwọ́ tì í. Ọ̀gá, bọ́ kóòtù, kí o dara pọ̀ mọ́ wọn."

Báyìí ni bíríkìlà, tíṣà àti ọ̀gá ilé iṣẹ́ ṣe ti Ẹ̀fúùfù jáde ní ààfin. Onígbàjámọ̀ jókòó ní àyè awakọ̀, ó ń fọn fèrè kíkankíkan. Ìyàwó rẹ̀ gbé bàtà ọba lé itan, tẹyin tẹyin.

"Ẹ má sáré o," ó ń sọ fún àwọn tó ń tì í. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gba iwájú ilé ìyá mi."