Ọjọ́ Tí Orin Arò Mi Fa Ààfin Wó

Ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú àtigbàgbé rẹ̀ tó: ọjọ́ tí mo pe àwọn èèyàn wá sunkún, tí wọ́n wá ń bi mí léèrè ẹja. Títí dòní, bí mo bá ń kọjá ní Ajára, àwọn kan ṣì máa ń fọwọ́ fa okùn tí kò sí níbẹ̀ kí wọ́n tó kí mi. Ẹ jẹ́ kí n fẹnu ara mi sọ ọ́, torí bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ káàkiri ti kọjá bó ṣe ṣẹlẹ̀. Àwọn kan tiẹ̀ ní òkun gbé mi lọ. Òkun ò gbé mi lọ, ojú ló tì mí.

Olùkọ́ orin ni mí. Mò ń kọ́ àwọn ọmọ girama lórin, mo sì ń tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì wa lọ́jọ́ Àìkú. Àwórì láti Òjó ni mí, ṣùgbọ́n Ègùn ni mo fẹ́, ará etíkun tó wà lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, níbi tí bàbá ọkọ mi ti jẹ́ ọ̀gá àwọn tó ń fa àwọ̀n ńlá. Bàbá fẹ́ràn mi, n ò ní purọ́ mọ́ wọn, àmọ́ wọn ò gbà pé iṣẹ́ ni mò ń ṣe. Lójú tiwọn, iyọ̀ ni orin, inú iṣẹ́ là ń fi í sí. Ta ló wá ń jẹ iyọ̀ lásán? Nígbà tí mo bí àkọ́bí mi tán, wọ́n pe èmi àti ọkọ mi jókòó, wọ́n ní ó tó àkókò kí n fi ilé ìwé sílẹ̀, kí n lọ bá Yétondé, ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin, tó ń yan ẹja tà. Yétondé ti bá mi ra apẹ̀rẹ̀ sílẹ̀. Ọkọ mi kì í bá bàbá rẹ̀ jiyàn, ilẹ̀ ló ń wò ní tirẹ̀.

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyẹn nígbà tí Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ wá mi wá. Olùdarí eré orí ìtàgé ni, Ìjànikin ló ń gbé, ó kàwé lókè òkun, ó sì máa ń wé ṣáálì mọ́rùn nínú oòrùn ọ̀sán gangan. Ó fẹ́ ṣe eré ìbànújẹ́ kan tí àwọn Gíríìkì ayé àtijọ́ kọ, ó sì fẹ́ ṣe é ní etíkun àwọn ọkọ mi. Ìtàn ìlú kan tí ogun kó ni. Wọ́n ti pa àwọn ọkùnrin tán, ìyá ọba àtàwọn obìnrin ìlú wá jókòó sórí iyanrìn, wọ́n ń dúró de ọkọ̀ tí yóò kó wọn lẹ́rú lọ. Ẹ̀yin náà mọ ìdí tó fi jẹ́ ọ̀dọ̀ wa ló gbé e wá. Ó ṣàlàyé fún mi pé nínú irú eré bẹ́ẹ̀, ẹgbẹ́ akọrin kan máa ń dúró ti ẹni tí ìyà ń jẹ, tí wọ́n á máa bá a dárò, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó mọ ohùn orin wọn mọ́ láyé ìsinsìnyí. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣẹ̀dá òmíràn. Èmi ló ní kí n ṣe é.

Mo sáré lọ sọ fún Bàbá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n fọwọ́ pa irùngbọ̀n.

“Màá wá wò ó,” ni wọ́n wí. “Bí mo bá rí i pé iṣẹ́ ni, o ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹja yíyan lẹ́nu mi mọ́. Bí mo bá rí i pé àríyá lásán ni, wàá lọ gba apẹ̀rẹ̀ rẹ lọ́wọ́ Yétondé.”

Mo ní mo gbà. Ẹni tí kò tíì kọ ẹyọ orin kan ló ń yára gbà bẹ́ẹ̀ o.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo jókòó sídìí dùùrù. Gbogbo ohun tí mo bá tẹ̀, orin ìjọsìn ló ń dà. Bí mo bá mú un lọ síbi ìbànújẹ́, ọwọ́ mi á rọra mú un padà síbi Àmín. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ gbọ́ àkọ́kọ́, ó tú ṣáálì rẹ̀, ó tún un wé. Ó gbọ́ ìkejì, ó mí kanlẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ìkẹta, ó ní, “Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ìyá tí wọ́n pa ọmọ rẹ̀ ni. Ẹ̀yin ń bá a ṣe ìdúpẹ́ ìkórè.” Ọ̀rọ̀ náà dùn mí dé eegun, torí òótọ́ ni.

Òwúrọ̀ Sátidé kan ni mo wà nílé àwọn ọkọ mi, mo ń rọ ọmọ lóúnjẹ, ni mo gbọ́ àwọn tó ń fa àwọ̀n létí omi. Mo ti gbọ́ orin yẹn láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ọjọ́ náà ni mo tó fetí sí i. Ẹnì kan á ké, “Mì dọ̀n!” ìyẹn ni pé ẹ fà á, àwọn yòókù á fi ara ti ẹ̀yìn, wọ́n á dáhùn bí ẹni tí nǹkan ń dùn nínú egungun. Orí mi wú. Mo fi ọmọ sílẹ̀ fún ìyá ọkọ mi, mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀. Nígbà tí mo délé, mo fa orin náà gùn títí ó fi ń wọ́ nílẹ̀, mo mú ọ̀rọ̀ ẹja kúrò níbẹ̀, mo fi ọ̀rọ̀ omijé sí i. Ibi tí wọ́n ti ń ké “Mì dọ̀n,” mo fi “Ẹ sunkún” rọ́pò rẹ̀. Ó ti tán nìyẹn.

Kì í ṣe pé n ò mọ àṣà ibẹ̀. Tí wọ́n bá ti gbé orin àwọ̀n ní etíkun yẹn, kò sẹ́ni tó ń káwọ́ gbera. Ẹni tó ń kọjá lọ á sọ ẹrù kalẹ̀, á di okùn mú, bí àwọ̀n bá sì gúnlẹ̀, ẹja tirẹ̀ wà níbẹ̀, ì báà ṣe àlejò. Èmi alára ti jẹ irú ẹja bẹ́ẹ̀. Àmọ́ mo rò pé bí a bá ti yí ọ̀rọ̀ orin padà, tí a sì fà á gùn, ó ti di ti Gíríìkì nìyẹn.

Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì ní Ajára la ti ń ṣe ìdánrawò. Olùkọ́ àtàwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ni gbogbo ẹgbẹ́ mi, kò sí ọ̀kan nínú wọn tó fọwọ́ kan okùn àwọ̀n rí láyé rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ tẹ̀dùntẹ̀dùn. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ fi ṣáálì nu ojú, ó ní òun ti rí ohun tí òun ń wá. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó fi nǹkan kún un: nígbà orin ìkẹyìn, okùn ọkọ̀ ńlá kan, tí wọ́n so mọ́ òpó ẹnu ọ̀nà ààfin orí ìtàgé, yóò wà nílẹ̀, yóò gba àárín àwọn òǹwòran kọjá lọ sétí omi, kí wọ́n lè mọ̀ ọ́n lára pé ọkọ̀ ń bọ̀. Mo ní ọgbọ́n wà níbẹ̀. Àwa méjèèjì tí a kàwé, kò sẹ́ni tó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí okùn gígùn àti orin àwọ̀n jẹ́ lójú apẹja tó jókòó sórí iyanrìn.

Ọjọ́ pé. A ń kọjá ọ̀sà, ìgbì kan wọlé tọ̀ wá nínú ọkọ̀, kíbọ́ọ̀dù tí mo fẹ́ fi tẹ orin sì mu omi yó. Nígbà tí mo dán an wò, ohùn ìsàlẹ̀ nìkan ló ń dún, ọ̀kan nínú wọn ò sì gbà láti dákẹ́. Mo ní kò burú, òkú la ń sunkún. Bí mo ṣe tẹ́ ìwé orin sílẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun kó o, ó ń gbé e lọ sí Kútọnu. Mo ní kò burú, àwọn èèyàn mi ti mọ̀ ọ́n lórí. Mo wo ààfin tí wọ́n fi ọparun àti tapólì kọ́ sórí iyanrìn, mo rí i tó ń mì jẹ́jẹ́. Ìyẹn, mo gbójú kúrò níbẹ̀.

Gbogbo abúlé ló wá. Bàbá wọ aṣọ funfun, wọ́n jókòó síwájú pátápátá, Yétondé jókòó tì wọ́n. Eré bẹ̀rẹ̀, ó sì dùn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín. Olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi kan ló ṣe ìyá ọba, ó sunkún bí ẹni tí wọ́n rán níṣẹ́ ẹkún láti ọ̀run wá. Mautin, ọ̀dọ́kùnrin síńgbọnlẹ̀ kan lára àwọn tó ń bá Bàbá fa àwọ̀n, ló ṣe ọmọ rẹ̀ tó kú. Òun nìkan la mú ní abúlé náà, torí òkú ò nílò ìdánrawò. Wọ́n tẹ́ ẹ sórí pákó níwájú ààfin. Orin méjì àkọ́kọ́ lọ geere. Mo rí Yétondé tó fi etí ìró nu ojú, mo rí Bàbá tí wọ́n tẹ̀ síwájú. Mo sọ lọ́kàn mi pé, apẹ̀rẹ̀ yẹn, ẹlòmíràn ni yóò gbé e.

Ó wá ku orin ìkẹyìn. Ohùn ìsàlẹ̀ tí kíbọ́ọ̀dù mi ń dún yẹn ló di orin náà mú kó má sáré. A ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e ni jẹnẹrétọ̀ tó ń fún kíbọ́ọ̀dù níná wúkọ́, tó kú. Kò sí ohun tí àwọn akọrin mi lè gbára lé mọ́ àyàfi ìró òkun, òkun sì ní bó ṣe ń rìn tirẹ̀. Orin bẹ̀rẹ̀ sí í yára. Mo ń ju ọwọ́ pé kí wọ́n rọra, wọ́n rò pé mo ní kí wọ́n túbọ̀ kó ara sí i. Kó tó pẹ́, ó ti padà sí bí àwọn apẹja ṣe ń kọ ọ́ gan-an. Bàbá arúgbó kan dáhùn láti ẹ̀yìn. Àwọn obìnrin dáhùn. Mo rí èjìká Bàbá tó ń lọ tó ń bọ̀ nínú aṣọ funfun, mo rí ojú wọn tó bọ́ sórí okùn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Mo gbàdúrà.

“Mì dọ̀n!” ni Bàbá ké.

Gbogbo èèyàn dìde lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n di okùn mú. Ààfin kérora. Ìyá ọba, tó kọ ẹ̀yìn sí i tó ń bá àwọn òrìṣà ilẹ̀ Gíríìkì sọ̀rọ̀, yíjú padà, ó sì gbàgbé pé òun ti darúgbó. Òkú la ojú kan. Mo fọwọ́ bẹ̀ ẹ́ pé kó jọ̀ọ́ kó máa kú lọ. Mautin wò mí, ó wo okùn, ó wo ọ̀gá rẹ̀ tó ń fà á, ó dìde, ó gbọn iyanrìn nù, ó sì lọ gba ipò rẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ sáré lọ di òpó ẹnu ọ̀nà mú kó má baà wó. Wọ́n fa òun àti òpó àti ṣáálì rẹ̀ dé etí omi. Àwọn akọrin mi ò dákẹ́ o. N ò gbọ́ kí wọ́n kọrin dáadáa tó bẹ́ẹ̀ rí.

Gbogbo ilé gúnlẹ̀ sétí omi. Ìyá kan gbé abọ́ síwájú, ó fi pẹ̀lẹ́tù béèrè pé, “Ẹja dà?” Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ gbìyànjú, ó ṣàlàyé àwọn Gíríìkì fún wọn, ó ṣàlàyé ìbànújẹ́. Wọ́n fi ọ̀wọ̀ gbọ́ ọ dé ìparí, wọ́n sì tún béèrè. Bàbá ló ké orin, ọrùn Bàbá ni ẹja wà. Wọ́n ní kí Yétondé lọ gbé ẹja yíyan tó fẹ́ kó lọ sọ́jà wá, wọ́n sì ní kí èmi náà bá a pín in. Bí èmi olùṣẹ̀dá orin ṣe wọ aṣọ dúdú ìtàgé nìyẹn, tí mò ń pín ẹja fún àwọn òǹwòran mi títí oòrùn fi fẹ́ wọ̀. Yétondé ń wò mí lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní ọwọ́ mi mọ́ ọn.

Nígbà tí ẹja tán, mo lọ kúnlẹ̀ níwájú Bàbá. Mo sọ fún wọn pé mo ti rí i pé àríyá lásán ni, pé màá wá gba apẹ̀rẹ̀ lọ́jọ́ Ajé. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn.

“Ìyàwó,” ni wọ́n wí, “láti kékeré ni mo ti ń fa àwọ̀n, n ò fa ilé rí. Mo rí i pé ilé ni wọ́n so okùn yẹn mọ́. Mo rí i kedere, mo sì tún fà á. Ohun tó lè mú irú èmi ṣe bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ni. Máa ṣiṣẹ́ rẹ.”

Wọn ò sọ̀rọ̀ ẹja yíyan sí mi mọ́ láti ọjọ́ yẹn. Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé bí èèyàn bá fẹ́ yá orin lò, kó kọ́kọ́ béèrè iṣẹ́ tí orin náà ń ṣe, torí bó o bá gbé e dé òkè òkun tó o sì fún un lórúkọ tuntun, iṣẹ́ rẹ̀ ni yóò ṣe. Ọ̀gbẹ́ni Bánjọ ò tíì pè mí síbi eré mìíràn, n ò sì bínú sí i. Bí mo bá rántí, mo máa ń dá rẹ́rìn-ín nídìí dùùrù, ẹ̀rín náà á sì korò díẹ̀, torí ìyá ọba yẹn pàdánù ìlú, ó pàdánù ọmọ, kò sì sẹ́ni tó sunkún níparí eré rẹ̀ àfi èmi nìkan. Ẹkún tèmi náà, ti ojú tó tì mí ni, kì í ṣe torí rẹ̀.