Àdín Lára Igi Nowẹ́lì

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí kò ní tán lọ́kàn mi, bó ti wù kí n gbìyànjú tó. Àárẹ̀ ló fà á. Ẹni bá ń ránṣọ ní Pobẹ̀ mọ ohun tí oṣù Kejìlá ń fi ojú wa rí. Àfi bí Nowẹ́lì, ọdún Kérésìmesì, bá kù fẹ́ẹ́rẹ́ làwọn èèyàn ń rántí pé ọmọ àwọn fẹ́ wọ tuntun. Lọ́dún yẹn, ọmọ méjìlá ló fẹ́ kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, àwọn ìyá wọn sì kó aṣọ funfun wá bá mi lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ̀yìn ń ro mí, ojú ń ta mí, ẹsẹ̀ mi wú lórí maṣíìnì. Síbẹ̀ mo ní dandan, èmi náà á gbé sàpáǹ, igi Nowẹ́lì, sínú atẹlíyé mi, ilé tí mo ti ń ránṣọ, nítorí pé aránṣọ tó wà ní òdìkejì ọ̀nà ti gbé tirẹ̀ jáde. Ó rẹ mí lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò rẹ ìlara mi.

Tàńtí Ráfíátù, àbúrò bàbá mi tó ń ta aṣọ ní Sakété, ní igi fìláò kan lẹ́yìn ilé, ewé rẹ̀ tín-ín-rín bí irun. Mùsùlùmí ni, Nowẹ́lì ò kàn án, ṣùgbọ́n ó ní kí n wá gé ẹ̀ka kan. Kí ẹnikẹ́ni má bàa ṣáájú mi, mo lọ gé e nígbà tí ọdún ṣì ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Mo gun sẹ́míjáàn padà, ẹ̀ka náà gùn ju èmi àti ọlọ́kadà lọ, orí rẹ̀ sì ń gbá gbogbo ẹni tó bá kọjá. Ìgbà tó gbá obìnrin kan tó ru garawa, ọlọ́kadà dúró gbọnyin.

Ó ní, "Màmá, ẹ̀yin tàbí igi yìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀."

Mo bẹ̀ ẹ́ títí a fi dé Pobẹ̀. Mo ri ẹ̀ka náà mọ́ inú páànù ìyanrìn gbígbẹ. Mi ò bu omi sí i, torí mo rò pé igi tí wọ́n ti gé, kí ló tún fẹ́ fi omi ṣe? Ọyẹ́ ti dé nígbà náà. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí ewé fi pọ́n, bí mo bá sín báyìí, wọ́n á máa já bọ́ sórí aṣọ tí mò ń rán. Ìyá ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà, tó wá láti Tówé, wò ó títí, ó ní, "Sàpáǹ yín ń ṣàìsàn o."

Ojú tì mí. Mo wá bi ara mi pé, àwa tí wọ́n bí sáàárín ọ̀pẹ, kí là ń fi pa ara tó bá gbẹ lásìkò ọyẹ́? Àdín ni. Mo bu àdín sọ́wọ́, mo sì fi ra igi náà láti òkè délẹ̀ bí ìgbà téèyàn ń pa ọmọ tuntun lára. Ó dán gbinrin. Mo tún fa òwú, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ gbogbo ẹ̀ka, kó lè dà bíi yìnyín tí mò ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Àdín di òwú náà mú dáadáa. Mo yin ara mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ tó ṣáájú Nowẹ́lì, aṣọ méjèèjìlá ti parí. Mo fi wọ́n kọ́ sórí okùn, mò ń retí àwọn ìyá ọmọ. Mo ti gbogbo fèrèsé nítorí eruku. Tàńtí Ráfíátù náà ti Sakété dé, ó wá wo bí ẹ̀ka rẹ̀ ṣe rí. Mo tan àwọn iná wẹ́wẹ́ ara igi, wọ́n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀mejì, kúráàn iná mànàmáná sì lọ. Ṣé kí àwọn oníbàárà wá bá igi mi nínú òkùnkùn ni? Mo fi wáyà so àbẹ́là mẹ́rin mọ́ ẹ̀ka, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tàn wọ́n.

Tàńtí ń wò mí. "Kí lo fi ra igi yìí tó ń dán báyìí?"

"Àdín ni, Tàńtí."

"Funfun yìí ńkọ́?"

"Òwú ni."

Ó fò dìde. "Yéè! Ìwọ ọmọ yìí, fìtílà lo ṣe yẹn!"

Àbẹ́là kẹta ni mo ń tàn lọ́wọ́. Òótọ́ ló sì sọ. Òwú, òróró, iná: bí ìyá ìyá mi ṣe ń tan fìtílà lóko gan-an nìyẹn, àfi pé tèmi ga tó èèyàn. Igi náà gbaná lẹ́ẹ̀kan náà, ó ń ta pàrà, ewé tó ń jó sì ń fò lọ sápá ibi okùn aṣọ. Ọmọ méjìlá ni mò ń rò, tí wọn ò ní rí aṣọ wọ lọ́la nítorí tèmi. Tàńtí ò dúró rò. Mo ti rẹ aṣọ kan sínú ọpọ́n lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri kó lè súnkì kí n tó gé e, èyí tí mo fẹ́ rán fún ara mi lẹ́yìn ọdún mẹ́rin tí mi ò rán nǹkan kan. Ó fà á yọ tòun tomi, ó fi bo igi náà, ó tì í ṣubú, ó sì ń bu ìyanrìn inú páànù lé e. Ìgbà yẹn ni mo tó jí, mo já okùn aṣọ, mo sì wọ́ gbogbo wọn síta.

Ìta yẹn làwọn ìyá ọmọ ti bá mi, ojú mi dúdú, aṣọ méjìlá lórí itan mi. Ìkankan nínú wọn kò jó, ṣùgbọ́n gbogbo wọn ń rùn bí ẹja yíyan. Mo sọ òótọ́ fún wọn, mo sì bẹ̀ wọ́n. A fọ aṣọ náà lẹ́ẹ̀mejì. Tàńtí ló lọ̀ wọ́n, torí mi ò fẹ́ rí ẹ̀yinná inú áyọ́ọ̀nù rárá.

Lọ́jọ́ Nowẹ́lì, mo wọ aṣọ àtijọ́, mo lọ lúgọ sẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Bí orin ṣe parí, ọmọ tó kéré jù nínú wọn sáré wá bá mi, ó na apá aṣọ rẹ̀ sí mi nímú. "Màmá aránṣọ, ẹ gbóòórùn ẹ̀. Ó ń rùn bí ilé ìdáná ìyá mi àgbà!" Inú rẹ̀ ń dùn. Mi ò mọ̀ bóyá kí n sunkún ni àbí kí n rẹ́rìn-ín, mo bá ṣe méjèèjì.

Ní báyìí, bí mo bá fẹ́ igi, ó di kí ọdún ku ọjọ́ méjì kí n tó lọ gé e. Mo máa ń tẹ ewé rẹ̀ wò, bó bá ti ń ṣẹ́, mo fi í sílẹ̀. Inú korobá omi ló ń dúró, àbẹ́là kì í sún mọ́ ọn, mi ò sì jẹ́ fi iná ara rẹ̀ sílẹ̀ ní títàn kí n jáde. Àdín wà fún ara èèyàn. Bí oníbàárà bá sì béèrè pé kí ló sọ àjà mi di dúdú báyìí, ẹ̀rín ni mo máa ń rín. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ti kùn ún lọ́dà, kò bò ó.